Ikùn Bàbá Lára Ògiri

4.

...tí wọ́n sì ti rẹ́ ẹ tán! Ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀ gún régé láti ẹnu ọ̀nà dé ẹ̀yìnkùlé. Inú Àkọ́bí dùn débi pé ó ń jó lórí àpò sìmẹ́ǹtì. Ilé abúlé tí Bàbá olóògbé fọwọ́ ara rẹ̀ mọ láti fi gbé Ìyá níyàwó tún ti dìde!

5.

LÁRA ILẸ̀KÙN

Ọ̀DÀ Ò TÍÌ GBẸ.
ẸNIKẸ́NI MÁ FARA KÀN ÁN.
ÌYÁ Ń BỌ̀ LỌ́LA!!!

(Àbúrò Àkọ́bí ọkùnrin fi èédú kọ ọ́ sábẹ́:)
*Ewúrẹ́, ìwọ la ń bá wí.*

6.

LÓRÍ FÓÒNÙ

ÀKỌ́BÍ: Màámi, ilé yín ti di ààfin!

ÌYÁ: O kú iṣẹ́, ọmọ mi. Ó ti sú mi kí wọ́n máa fà mí lọ́wọ́ kiri bí ọmọdé. Ojú mi ni ò ríran mọ́, mo mọ ilé mi.

ÀKỌ́BÍ: Báwo lẹ ṣe máa mọ yàrá yín?

ÌYÁ: Màá fọwọ́ tọ ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ibi tó bá ti yọkùn sí mi, ẹnu yàrá mi nìyẹn. Ṣebí bàbá yín ò mọ ilé é mọ.

ÀKỌ́BÍ: (Ó ti ju fóònù sílẹ̀, ó sáré lọ wo ògiri.)

ÌYÁ: Hẹ́lòó?

7.

Ikùn ògiri yẹn gan-an ni Àkọ́bí kọ́kọ́ ní kí wọ́n gé.

8.

ÀKỌ́BÍ: A ti gé ikùn Bàbá!!!

ÀBÚRÒ: Dókítà wo ló ṣe é?

ÀKỌ́BÍ: Mi ò bá ẹ ṣeré o. Gbé amọ̀ bọ̀.

9.

BÍRÍKÌLÀ: Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Ògiri tó gún, kí n mú un wọ́?

ÀKỌ́BÍ: Ẹ mú un wọ́ dáadáa.

BÍRÍKÌLÀ: Báwo ló ṣe tóbi tó?

Àbúrò ká ṣẹ́ẹ̀tì sókè, ó yọ ikùn síta. Ikùn Bàbá ló jogún. Bíríkìlà fàtẹ́lẹwọ́ wọn ikùn, ó wọn ògiri, ó tún padà wọn ikùn, ni ẹ̀rín bá gbé e jókòó sórí yanrìn.

(Wọ́n ní Àkọ́bí sunkún níbí. Irọ́ ni. Ẹ̀rín ló ń rín. Àbí méjèèjì ni, èmi ò mọ̀.)

11.

Ìyá dé! Ó bọ́ bàtà, ó ní kí ẹnikẹ́ni má di òun mú.

Ọwọ́ Ìyá ń tọ ògiri lọ.

Ń lọ.

Ó kan amọ̀ tútù. Ó lọ sókè, ó wá sísàlẹ̀.

ÌYÁ: Ó mà ti sanra sí i.

Kò tíì yà sí yàrá. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.