Èébú Àárọ̀

Kò sí fọganáísà tó lẹ́nu bíi Hùsèínì ní gbogbo Kofar Kware ní Sokoto. Tó bá rẹ́rìn-ín, ràkúnmí tó sùn sí Gagi á dìde, á rò pé ilẹ̀ ti mọ́. Láràárọ̀ tí Shehu olómi bá ti kẹ̀kẹ́ omi rẹ̀ dé láti fẹ́ táyà, wọ́n á kọ́kọ́ bú ara wọn yó ná.

Òjò ọdún yìí ló yí i padà. Ìyá rẹ̀ kú. Wọn ò tíì ṣàdúà ọjọ́ kẹjọ tán tí ògiri ilé rẹ̀ fi wó. Kó tó kó amọ̀ kúrò nílẹ̀, olè gbé ẹ̀rọ tó fi ń fẹ́ táyà lọ, ó ku pọ́ńpù ọwọ́ nìkan. Hùsèínì bá dákẹ́. Oorun kọ̀ ọ́, tùwó dà bí iyẹ̀pẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, àyà rẹ̀ sì wúwo bíi pé wọ́n kó gbogbo ògiri Sokoto lé e.

Àdúgbò wá ń dúpẹ́.

"Alhamdulillahi, Hùsèínì ti dàgbà," ni Àlájì Abdulbaqi, àgbà mọ́ṣáláṣí, wí. "Ẹ wo bó ṣe jókòó jẹ́ẹ́."

Hùsèínì fẹ́ sọ pé òun ń kú lọ nínú jẹ́ẹ́ náà, ṣùgbọ́n ahọ́n rẹ̀ wúwo ju ọmọ ọlọ lọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, Shehu dé. "Hùsèínì, orí ẹ rí bíi bàrà tí ewúrẹ́ jẹ kù."

"Ẹ káàárọ̀, ọ̀gá."

Ẹ̀rù ba Shehu. Ó sọ gbogbo kẹ́ẹ̀gì omi kalẹ̀, ó kọjú sí Àlájì tó ń wò wọ́n lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí. "Àlájì, ẹ forí jì mí. Ọ̀rẹ́ mi ò dàgbà, ara rẹ̀ ni ò yá." Ó gbé Hùsèínì sínú kẹ̀kẹ́, ó tì í gba àdúgbò Runjin Sambo lọ sílé ìwòsàn. Àwọn obìnrin tó pè é pé kó já omi bá ọkùnrin gbọ̀ngbọ̀nràn níbi tó yẹ kí kẹ́ẹ̀gì wà.

Dókítà Nabilah bi í ní ohun tẹ́nì kan ò tíì bi í. "Ẹ̀gbọ́n, kí ló ṣẹlẹ̀ sí yín lọ́dún yìí?"

Hùsèínì sọ ọ́, omijé rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé tábìlì lọ.

"Òfò tó ń gun ara wọn lẹ́yìn lè wó ọkàn bí òjò ṣe ń wó ògiri," ni dókítà wí. "Ìsoríkọ́ ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Ó sì ní ìtọ́jú."

Kò yá bí ìtọ́jú ẹ̀fọ́rí. Ó ń lo oògùn, ó ń lọ bá dókítà sọ̀rọ̀. Shehu ń tì í lọ, ó ń bú u lọ, kò rí èsì gbà. Ìgbà tí ọyẹ́ dé, Shehu tún bẹ̀rẹ̀: "Ihò imú ẹ yìí, kẹ̀kẹ́ mi á gbabẹ̀ kọjá."

Hùsèínì gbórí sókè díẹ̀díẹ̀. "Ìwọ àti táyà ẹ, ọmọ ìyá ni yín. Afẹ́fẹ́ nìkan ló wà nínú yín."

Shehu jókòó sínú eruku, ó bú sẹ́kún. Àlájì Abdulbaqi sáré jáde. "Ta ló kú?"

"Ó bú mi, Àlájì. Wallahi, ó bú mi dáadáa."

Àgbà náà gbọ́wọ́ sókè. "Ọlọ́run, ọpẹ́ mi àkọ́kọ́, àìmọ̀ ni. Ẹ gba ti òní."

Hùsèínì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń tẹ pọ́ńpù títí táyà kẹ̀kẹ́ Shehu fi le koko. Ó ní kẹ̀kẹ́ tó gbé òun dé ilé ìwòsàn, afẹ́fẹ́ ò ní tán nínú ẹ̀ lójú òun láyé.