Náílọ́ọ̀nù Ẹnu Táńkì

"Ó tún ti kú!"

Katakata náà wúkọ́, ó mì tìtì, èéfín kan rú jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà rẹ̀, ó sì dákẹ́ láàárín oko. Kò-gbà fi àtẹ́lẹwọ́ gbá sítíárìn. Kì í ṣe orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti pè é ní òmíràn. Ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀ ẹ́, kó kọ́kọ́ lọ bẹ àpáta wò.

Ìyàwó rẹ̀ dìde lórí àpò irúgbìn àgbàdo tó jókòó lé. Ojú ọ̀run ti dúdú bí ìdí ìkòkò.

"Bàbá wọn, òjò yìí ò ní dúró dè wá o."

"Ṣé èmi ni mo ránṣẹ́ pè é ni?"

Ó sọ̀kalẹ̀. Olórí ìdílé, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ti sọ ọ́ lójú gbogbo ẹbí: ilẹ̀ ìdílé tí òjò ńlá àkọ́kọ́ bá bá láìtú, òun yóò gbà á fún ẹni tó máa dá a. Lésìí, Kò-gbà kò gbin nǹkan kan. Amọ̀ ni ilẹ̀ náà. Bí òjò bá ti wọ̀ ọ́, katakata yóò rì sínú rẹ̀ dé ikùn ni. Òní ni, àbí kó gbàgbé.

Ohun kan náà ló sì ń bá yí láti àárọ̀. Ẹ́ńjìnì yóò ṣiṣẹ́ dáadáa, agbára rẹ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn, yóò kú. Kò-gbà yóò ṣí táńkì wò bóyá dísẹ́lì ṣì wà níbẹ̀, yóò dé e, yóò dì í padà pinpin. Yóò wá tú nọ́ọ̀tì orí fílítà tó ń sẹ́ dísẹ́lì, yóò máa fi ọwọ́ tẹ póńpù kékeré títí ìfófòó afẹ́fẹ́ inú páìpù yóò fi tán, tí dísẹ́lì yóò máa jáde gaara. Ó ti pààrọ̀ fílítà. Ó ti fi ẹnu fẹ́ páìpù títí dísẹ́lì fi bó o létè. Katakata á jí, á sì tún kú.

"Póńpù ńlá ló bàjẹ́," ó ní, ó sì fa sípánà gígùn yọ nínú àpótí.

Póńpù ńlá yìí ló ń wọn dísẹ́lì, tó sì ń tú u sínú ẹ́ńjìnì lásìkò tó yẹ gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá hú u kúrò láìmọ bí wọ́n ṣe ń dá a padà sáyè rẹ̀, ó ti sọ katakata di irin tí adìyẹ ń sùn lé.

Ìyàwó rẹ̀ di sípánà náà mú. "Ẹ ò ní tú u, Bàbá wọn. Ẹ mọ ẹni tó mọ̀ ọ́n tú."

Ó mọ̀ ọ́n. Àbúrò rẹ̀ ni, ọmọ ìyá rẹ̀, tí gbogbo oníkatakata ń pè ní Dókítà Póńpù. Lésìí ni wọ́n jà lórí ààlà, nítorí ilẹ̀ wọn fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn. Kò pẹ́ sí i, wọ́n bá omi nínú dísẹ́lì Kò-gbà, katakata sì bàjẹ́ títí àkókò ìgbìn fi kọjá. Kò-gbà ní àbúrò òun ló da omi sí i. Àbúrò búra títí ẹnu rẹ̀ fi gbẹ. Láti ìgbà náà, ẹnì kan kì í kí ẹnì kejì.

"Kí n kú kí n tó pè é!"

"Ẹ ò ní kú. Èmi ni màá pè é." Ó ti ń tẹ fóònù, ó sì ṣí i sí gbangba kí ọkọ rẹ̀ lè máa gbọ́. "Ọkọ mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Katakata ló ń kú mọ́ wa lọ́wọ́."

Àbúrò ló dáhùn. "Ìyàwó wa, ṣé ẹni yẹn wà níbẹ̀?"

"Wọ́n wà níbí. Wọ́n kọ ẹ̀yìn sí fóònù."

"Ẹ bi í, ṣé ó ń kú lójijì ni, àbí agbára rẹ̀ ń fà sẹ́yìn kó tó kú?"

Ó yíjú sí ọkọ rẹ̀. "Wọ́n ní—"

"Mi ò dití! Sọ fún un pé ó ń fà sẹ́yìn."

"Mo ti gbọ́," ni fóònù wí. "Ẹ sọ fún un kó má fọwọ́ kan póńpù ńlá o."

Kò-gbà rọra gbé sípánà sẹ́yìn ara rẹ̀, bí ẹni pé fóònù lójú.

"Tí ẹ́ńjìnì bá ti kú, kí ni ẹni yẹn máa ń kọ́kọ́ ṣe?"

"Sọ fún un pé mo máa ń ṣí táńkì wò. Ṣé ìyẹn náà ti di ẹ̀ṣẹ̀?"

"Tó bá ń ṣí i, ṣé nǹkan kan máa ń dún?"

Ìyàwó rẹ̀ ló dáhùn. "Ó máa ń dún fùùù, ọkọ mi. Bí ẹni tó mí kanlẹ̀."

"Ẹ ẹ̀n. Táńkì yẹn ò rí èémí mí. Ihò kékeré kan wà lára ìdérí rẹ̀. Bí dísẹ́lì ṣe ń jáde, atẹ́gùn gbọ́dọ̀ máa gba ibẹ̀ wọlé. Bí ihò yẹn bá ti dí, póńpù á máa fà, kò ní rí nǹkan kan fà mọ́. Ìyàwó wa, kí ló wà lẹ́nu táńkì yẹn?"

Obìnrin náà wo ẹnu táńkì. Náílọ́ọ̀nù tó nípọn ló wà níbẹ̀, Kò-gbà fi rọ́bà táyà so ó yíká, ó ta á ní kókó pinpin. Láti ọjọ́ omi yẹn ló ti ń so ó, kí ọwọ́ ìkà má baà débẹ̀, òní sì ni katakata kọ́kọ́ tú ilẹ̀ láti ìgbà náà. Obìnrin náà yíjú sí ọkọ rẹ̀. Ààrá sán lókè.

"Gbé e wá," ni Kò-gbà wí. Ó gba fóònù. "Náílọ́ọ̀nù ni. Èmi ni mo so ó."

Ohùn àbúrò rọlẹ̀ nínú fóònù.

"Nítorí tèmi ni, Ẹ̀gbọ́n?"

"Nítorí ẹni tó da omi."

"Táńkì tí kò bá kún máa ń làágùn nínú tí ilẹ̀ bá tutù mọ́jú. Omi yẹn ló ń ro jọ sí ìsàlẹ̀. Mo sọ ọ́ lésìí, ẹ ní irọ́ ni."

Kò-gbà ní èsì lẹ́nu. Ó ní èsì tó lè gbé e dé ọ̀la. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ òjò ti ń fẹ́ aṣọ mọ́ ọn lára.

"Kí ni kí n ṣe báyìí?"

"Ẹ já a dànù. Kí ẹ yọ afẹ́fẹ́ inú páìpù, kí ẹ sì tètè. Òjò ti dé ọ̀dọ̀ wa níbí."

Fóònù já.

Àdá ni ó fi gé rọ́bà náà. Ó ya náílọ́ọ̀nù sọ nù, ó sì ṣí ìdérí. Táńkì mí kanlẹ̀. Ó nu ihò kékeré náà títí ó fi mọ́, ó dé ìdérí padà lásán, ó tẹ póńpù kékeré títí ìfófòó fi tán, ó sì fò gun orí katakata.

Ẹ́ńjìnì bú ramúramù. Nígbà tó dé ibi tó ti kú lẹ́ẹ̀kan, Kò-gbà di èémí tirẹ̀ mú. Ó kọjá ibẹ̀. Agbára rẹ̀ kò fà sẹ́yìn. Ó lọ, ó bọ̀, ilẹ̀ ń ṣí lẹ́yìn rẹ̀, síbẹ̀ ibi tó kù ju ibi tó ti tú lọ.

Ó tún dé ààlà. Ní òdìkejì rẹ̀, ilẹ̀ àbúrò rẹ̀ wà níbẹ̀ pẹ̀lú koríko dé orúnkún. Ọ̀rọ̀ olórí ìdílé kò yọ ìyẹn náà sílẹ̀. Ṣáájú ìjà, katakata yìí ló ń tú méjèèjì, ṣùgbọ́n láti àárọ̀, ibí ni Kò-gbà ti ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè, tí ó ń yí padà. Bó bá kọjá lọ, òjò lè má jẹ́ kí tòun alára parí.

Ọwọ́ rẹ̀ lọ sórí ọ̀pá tí wọ́n fi ń gbé irin ìtúlẹ̀ sókè. Ẹ̀kán òjò kan bọ́ sí i lẹ́yìn ọwọ́. Ó gbé ọwọ́ náà kúrò.

"Bàbá wọn!" ni ìyàwó rẹ̀ ń kígbe láti ọ̀nà jíjìn. "Ẹ ti kọjá ààlà o!"

Kò-gbà na ìka sí etí rẹ̀, ó tún na ìka sí ẹ́ńjìnì, bí ẹni pé ariwo kò jẹ́ kí òun gbọ́, ó sì ń tú ilẹ̀ náà lọ.