Tíkẹ́ẹ̀tì Scotland Dé Peckham

"Lọ́jọ́ tí mo wakọ̀ lọ Scotland, eré tí mo sá pọ̀ débi pé ọjọ́ kejì ni òjìji mi tó dé!"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú mọ́ṣáláṣí Peckham ní London. Wọ́n ti wẹ òkú Mìsítúrà, wọ́n ti kírun sí i lára, ó ku kí wọ́n gbé e lọ sin kí ilẹ̀ tó ṣú. Awakọ̀ mọ́ṣáláṣí ń ṣàìsàn, Múfútáù nìkan ló sì ní òun á wa ọkọ̀ òkú. Bó ti ń fọ́nnu yẹn, Àlàájì Tàjùdéèn, ọkọ olóògbé, kàn ń ṣàdúrà fún un nínú ni. Kò rí ẹlòmíràn.

"Múfú, ṣé kò sí póíǹtì ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjọba máa ń kọ fún awakọ̀ tó bá rúfin lórí láísẹ́ǹsì ẹ?" Aunty Nusaybah, akọ̀wé wọn, bi í. "Tó bá ti ju mẹ́ta lọ, ìńṣọ́ránsì ò ní gbà ẹ́."

"Aunty, ó mọ́ ju omi zamzam lọ! Wọ́n mú mi fún eré àsápajúdé ní Scotland lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n mú mi ní Wales, àmọ́ ìyẹn ò kan ibí. Ṣé tíkẹ́ẹ̀tì Ìbàdàn máa ń dé Èkó ni?"

"Gbé fóònù ẹ wá, ká yẹ láísẹ́ǹsì ẹ wò lórí íńtánẹ́ẹ̀tì."

Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Póíǹtì mẹ́sàn-án ló wà níbẹ̀, mẹ́ta fún ìgbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n mú un.

"Láísẹ́ǹsì kan náà ni, Múfú. Ibi yòówù kí wọ́n ti mú ẹ, orí ẹ̀ ló ń bọ́ sí."

Àlàájì gbójú sókè. "Ta ni yóò wá bá mi gbé Mìsítúrà báyìí?"

Múfútáù ki bàtà ẹ̀ mọ́ abíyá, ó sá jáde sí Old Kent Road láìwẹ̀yìn.