Àkùrọ̀ Adúmáadán

7.

…nítorí pé òfin ló ń dáàbò bo àkùrọ̀ náà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọ́lé síbẹ̀ láìgba àṣẹ onílẹ̀. Àgbà agbo ilé ni yóò fi ẹnu ara rẹ̀ dárúkọ onílẹ̀. Bí onílẹ̀ kò bá sí, ilé-iṣẹ́ wa di onílẹ̀.

(Ilé-iṣẹ́ Párádísè Mápó ló lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri agbo ilé Sàlámì ní Bẹyẹrúnká. Ewúrẹ́ ti jẹ apá òkè.)

1.

PÁRÁDÍSÈ MÁPÓ! Abúlé ìgbafẹ́ fún àwọn ọlọ́lá! Láti ojú fèrèsé, ẹ ó máa wo Gbọ̀ngàn Mápó lọ́tùn-ún, ẹ ó máa wo ẹyẹ àkùrọ̀ lósì. A ó fa omi àkùrọ̀ náà gbẹ kí àlejò lè rí i dáadáa. Ẹyẹ tó bá bínú lọ, a ó fi oníke rọ́pò rẹ̀.

2.

Nígbà tí wọ́n ka ìyẹn fún Àtọ́kẹ́, ìyàwó tó dàgbà jù nínú agbo ilé, ó rẹ́rìn-ín títí. Ó wá rántí pé inú àkùrọ̀ yẹn lòun ti ń gbin ẹ̀fọ́ ẹ̀ẹ̀rùn tó ń bọ́ òun látìgbà tí ọkọ òun ti kú. Ẹ̀rín tán.

Jubril, àbúrò ọkọ rẹ̀, ni bàbá wọn fi ibẹ̀ fún. Àwọn àgbà tó mọ̀ ti kú tán, ó ku Àtọ́kẹ́. Kó ṣáà dárúkọ Jubril, ó parí.

Ó parí kẹ̀! Ẹni tó bá délé ṣáájú ìyàwó, ọkọ ìyàwó ni, bó tilẹ̀ ń rákòrò. Jubril ń rákòrò nígbà tí wọ́n gbé Àtọ́kẹ́ wọlé. Adúmáadán ló ń pè é látìgbà náà. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kò kan ahọ́n rẹ̀ rí.

3.

AKỌ̀WÉ ILÉ-IṢẸ́: Màmá, ta ló ni àkùrọ̀ yìí?

ÀTỌ́KẸ́: Adúmáadán ni.

AKỌ̀WÉ: Níbo ló wà?

ÀTỌ́KẸ́: Òun ló jókòó tì yín yẹn.

JUBRIL: Èmi ni, sà.

AKỌ̀WÉ: Bàbá, Jubril Sàlámì ló wà lára káàdì yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jí orúkọ.

4.

A Ń WÁ Ọ̀GBẸ́NI ADÚMÁADÁN. Kó yọjú ní ọ́fíìsì wa kíákíá.

4.

Mẹ́ta yọjú. Ọ̀kan pupa fòò.

5.

(Ewúrẹ́ jẹ èyí náà.)

6.

ÌWÉ ÌBÚRA: Èmi tí wọ́n ń pè ní Jubril Sàlámì tẹ́lẹ̀, láti òní lọ, Adúmáadán Sàlámì ni mò ń jẹ́. Kí gbogbo ènìyàn ṣe àkíyèsí.

6½.

Gbogbo ènìyàn ṣe àkíyèsí. Àtọ́kẹ́ náà ṣe é. Adúmáadán ti wá di orúkọ gidi, ìyàwó kì í sì í pe ọkọ ní orúkọ gidi.

8.

AKỌ̀WÉ: Màmá, ẹ dárúkọ onílẹ̀, ká lọ jẹun.

ÀTỌ́KẸ́: Eyínfúnjowó ni.

AKỌ̀WÉ: Ta tún nìyẹn?

JUBRIL: Ìyàwó wa, ẹ ti pa mí!

ÀTỌ́KẸ́: Ẹ má bínú, ọkọ mi. Ẹnu mi ni ò gbà á.

AKỌ̀WÉ: Onílẹ̀ ò sí. Ẹ gbé katakata wọlé.

9.

Katakata wọ àkùrọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Jubril lọ dúró sínú ẹrọ̀fọ̀, ó kọ̀yìn sí katakata, ó na ìwé ìbúra rẹ̀ sókè sí akọ̀wé. Awakọ̀ náà ń fi ẹ̀yìn rìn bọ̀, kò rí i.

Àtọ́kẹ́ wà láàárín ẹ̀fọ́ rẹ̀. Ó ju ẹ̀fọ́ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó figbe ta.

“Eyínfúnjowó!”

Jubril kò yíjú. Orúkọ náà kò tíì mọ́ ọn lára.

“Eyínfúnjowó o!”

Katakata ń bọ̀.

“JUBRIL!”

Jubril fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ìwé rẹ̀ bọ́ sómi. Awakọ̀ pa ẹ́ńjìnnì. Gbogbo àwọn ìyàwó ilé tó dúró létí àkùrọ̀ yíjú wo Àtọ́kẹ́. Ìtìjú bò ó, bẹ́ẹ̀ ni inú rẹ̀ dùn pé ọkùnrin náà ṣì ń mí.

Akọ̀wé sáré bọ̀ tòun ti bírò lọ́wọ́.

“Màmá, ẹ dákun, ẹ tún un pè, kí n kọ ọ́ sílẹ̀.”

Àtọ́kẹ́ fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu.