Ọparun Kẹta

"Bí ọparun ni mo rí, mà," ni Jelyn ń sọ lọ, "ìjì lè tẹ̀ mí..."

"...ṣùgbọ́n kò lè ṣẹ́ mi." Dókítà Sarmiento, tó ń fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò, ló bá a parí rẹ̀. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó gbé e sórí fáìlì Jelyn. "Ìwọ ni ọparun kẹta láti àárọ̀. Ta ló ń kọ́ gbogbo yín gan-an?"

Jelyn mọ̀ ọ́n. Ọ̀gá Rodel ni, ẹni tó ń múra àwọn èèyàn Manila sílẹ̀ fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò ilé-ẹ̀kọ́ òwò. Òun ló ní kó tètè jẹ́wọ́ pé ìṣirò òun kò dáńtọ́, kí wọ́n tó bi í. Kó dárúkọ ẹ̀kọ́ ìṣirò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà lórí ayélujára, kó wá fi ọparun dé e. Eré orí ìtàgé ni Jelyn kà ní yunifásítì, ẹ̀ẹ̀mejì ló sì fìdí rẹmi nínú ìṣirò níbẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kẹta tó wá síwájú wọn rèé. Wọn kì í pe èèyàn lẹ́ẹ̀kẹrin.

"Ó dáa," ni obìnrin náà wí. "Fi ọparun sílẹ̀ jàre. Ìṣirò wo lo ti fọwọ́ ara ẹ ṣe rí?"

Ọ̀kan wà. Jelyn bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́, ó ń ka ìka bó ṣe ń sọ ọ́. Lẹ́yìn ìjì líle tó jà ní ìlú Iloilo, òun ló ń bójú tó oúnjẹ àwọn tí ilé wọn wó. Ogójì àpò ìrẹsì, ẹgbẹ̀rún èèyàn: ọjọ́ márùn-ún ni yóò tó, ọjọ́ kẹjọ sì ni ọkọ̀ ojú omi tó ń kó oúnjẹ bọ̀ yóò dé. Ó ní kí wọ́n máa se ìrẹsì di lugaw olómi bí ẹ̀kọ fún àwọn àgbà, kí wọ́n má fọwọ́ kan tọmọdé. Àpò kan ló kù nígbà tí ọkọ̀ gúnlẹ̀.

Dókítà Sarmiento ti sún síwájú lórí àga. Ó ṣí fáìlì, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un yẹ̀ wò.

"Kò sí níbí o."

"Ọ̀gá Rodel ló ní kí n yọ ọ́, mà."

"Hẹ̀n-ẹ́n." Ó dá awò padà sójú. "Òun ló kọ ti ọparun. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé òun kọ́ ló kọ ti ìrẹsì?"

Jelyn búra. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òótọ́ yóò bá a. Òótọ́ dé lóòótọ́ lónìí, ṣùgbọ́n irọ́ ti jókòó sórí àga rẹ̀.

"A máa kàn sí ọ," ni Dókítà Sarmiento wí, ó sì pa fáìlì dé.

Lórí àtẹ̀gùn, Jelyn ń ṣépè fún Ọ̀gá Rodel láti àjà kan dé èkejì. Àfi bó ṣe rántí ọ̀sán ọjọ́ kan ní ọ́fíìsì ọkùnrin yẹn, tó fi bírò tọ́ka sí ìlà tó sọ ti ìrẹsì, tó bi í pé, "Jelyn, ṣé ká fi eléyìí sílẹ̀?"

Òun ló rẹ́rìn-ín. Òun ló gba bírò náà.

"Ẹ jẹ́ ká pa á rẹ́, ọ̀gá. Ọ̀rọ̀ ilé ìdáná lásán ni. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Ó di irin àtẹ̀gùn mú. Ó dúró, kò sì ṣépè mọ́.