Lẹ́dà tí Mo Fi Bo Ojú Ampilifáyà Àǹtí Ìbídùn

Ilẹ̀ pálọ̀ wa rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí inú ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bí mo bá tẹ̀ ẹ́, á rì díẹ̀, á sì tún wú padà, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ó sì tutù bí ẹnu ẹni tí ó ń sun oorun àsùnwọra. Ilé wa ní Ìsẹ́yìn ni, mo dá a mọ̀. Fèrèsé wa nìyẹn, àga ìyá mi nìyẹn. Ṣùgbọ́n ògiri ń làágùn, òógùn náà kò sì ṣàn bí omi. Ó ń fà bí ilá, ó ń sọ̀ kalẹ̀ láti òkè ní tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ibi tí ó bá sì kán sí á hu irun wẹ́wẹ́. Mo ká ṣòkòtò mi sókè. Mo ń wá ibi gbígbẹ tí mo lè fi ẹsẹ̀ lé, mo ń ṣírò rẹ̀ bí ẹni tí ó ń ta ayò, nítorí pé bí Ọlọ́run ṣe dá mi nìyẹn: ohun tí ó bá ti ta kókó, ọwọ́ mi kò ní sinmi títí n óò fi tú u. Kò sí ibi gbígbẹ kankan.

Ampilifáyà wà ní àárín pálọ̀. Àǹtí Ìbídùn kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó kẹ̀yìn sí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ibà ló gbé e lọ ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá, kò tíì lọ́kọ, kò tíì bímọ. Òun ni ó ń ta jìtá fún ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa, ampilifáyà yìí sì ni ó fi ń gbé ohùn jìtá náà jáde, nílé àti ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú àlá yẹn, mo mọ̀ pé ó ti kú. Mo mọ̀ ọ́n wẹ́rẹ́, bí ènìyàn ṣe ń mọ̀ pé òun kò wọ bàtà.

"Àdìgún," ó ní, kò bojú wẹ̀yìn. "Kí lo fi dí i lẹ́nu?"

Ohun tí mo ti ṣe kí n tó sùn ní ọ̀sán ọjọ́ náà nìyí. Aṣọ tí ó wà lójú ampilifáyà náà tẹ́lẹ̀, èyí tí ó bo sípíkà, ti di ohun ìríra. Eku ti tọ̀ sí i títí ó fi pọ́n tí ó sì gan. Aáyán ti fi ẹ̀yìn rẹ̀ ṣe ilé. Nígbà tí mo fi ọ̀bẹ tú u kúrò lára férémù, ìyẹ́ aáyán àti imí ọmọọlé dà sí mi lọ́wọ́, òórùn rẹ̀ sì wọ̀ mí lọ́fun bí ẹni pé mo gbé e mì. Mo bì. Mo fi igi gbé aṣọ náà lọ sí ààtàn, mo sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ títí awọ ìka mi fi hunjọ. Mo búra pé kòkòrò kankan kò ní rí ọ̀nà wọ ibẹ̀ mọ́. Mo ra lẹ́dà dúdú, irú èyí tí wọ́n fi ń bo àga ọkọ̀, tí ènìyàn lè fi àkísà tútù nù. Mo nà án bo férémù, mo fi ìṣó wẹ́wẹ́ kàn án yíká. Ó dán, ó mọ́. Mo tan iná sí i, mo fọwọ́ kan okùn jìtá, ohùn tí ó jáde sì dà bí ti ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lójú.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo yẹ wáyà wò, mo yẹ sípíkà wò, mo tò ó padà, mo tún un tú. Ó ṣì ń kùn.

Ìyá mi jókòó, ó ń gbọ́. Nílé wa, a kì í tọ́jú ẹrù òkú ọ̀fọ̀, òbí kì í sì í jogún ọmọ. Wọ́n ti di aṣọ Àǹtí Ìbídùn ní ìdì kan sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Màmá Òkè-Ọjà, ẹ̀gbọ́n ìyá mi, ni yóò wá kó o lọ sọnù kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ampilifáyà nìkan ni ìyá mi kò tíì lè fà kalẹ̀.

"Bí ó bá lè fọhùn bí ó ti ń fọhùn, á dúró," ó wí fún mi. "Bí ó bá jẹ́ pé báyìí ni yóò máa kùn, ẹrù òkú ni. Jẹ́ kí ó bá ìyókù lọ, Àdìgún. Mi ò lè máa wo pósí méjì."

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀, mo sì fi ìbínú sùn sí ilẹ̀ pálọ̀.

"Lẹ́dà ni, Àǹtí mi," mo dá ẹ̀gbọ́n mi lóhùn. "Ó ṣeé nù."

"Ó ṣeé nù." Èjìká rẹ̀ mì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé tábìlì oúnjẹ ni?"

"Ẹ ẹ̀ rí bí ó ṣe mọ́ ni?"

"Mo rí i. Ó mọ́ bí òkú tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀."

Ó fi èékánná mú etí lẹ́dà náà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bó o. Kò bó bí lẹ́dà. Ó ń ṣí bí èèpá egbò tí kò tíì jinná, omi pupa rẹ́súrẹ́sú sì ń sun lábẹ́ rẹ̀. Mo yíjú.

"Má yíjú. Wá di ibí yìí mú."

"Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí mi, ó ń yọ̀."

"Ìdí rẹ náà ń yọ̀ nígbà tí mò ń fọ̀ ọ́. Ṣé mo yíjú?"

Mo dì í mú. Ó gbóná. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ìka mi, bí ọ̀fun àkèré. Àǹtí Ìbídùn ń fa ìṣó yọ, ó ń kó wọn sí ẹnu, ó há wọn mọ́ àárín ètè bí ó ti máa ń ṣe nígbà gbogbo tí ó bá ń tún nǹkan ṣe nílé. Mo máa ń bá a jà nítorí ìwà yẹn. Ìpẹtà ìṣó náà yọ́ mọ́ itọ́ rẹ̀, ó ṣàn sí àgbọ̀n rẹ̀, kò nù ún. Mo fẹ́ bá a nù ún, mi ò sì fẹ́ fọwọ́ kàn án.

Nígbà tí férémù dá ṣáká, ó nawọ́ sórí, ó tú gèlè rẹ̀. Gèlè òfì aláró ni, òfì tí wọ́n hun ní ihò wẹ́wẹ́ bí àwọ̀n, èyí tí ó máa ń wé lọ ta jìtá. Lábẹ́ gèlè náà, kò sí irun lórí rẹ̀. Erùpẹ̀ ni, wọ́n pín in ní ìlà, wọ́n sì dì í bí irun.

Ó na gèlè náà sí mi. "Fi ẹnu kàn án."

Mo fà sẹ́yìn. Láti kékeré ni ìyá mi ti máa ń da ìbéèrè bò mí bí mo bá lá àlá: ta lo rí, kí ló fún ọ, ṣé o jẹ ẹ́? A kì í gba ohun àfẹnukàn lọ́wọ́ òkú. Òórùn gèlè náà sì ti ń bọ̀ lọ́nà, òógùn, ìpara irun, àti òórùn ibùsùn aláìsàn.

"Mi ò ní jẹ nǹkankan lọ́wọ́ yín, Àǹtí mi."

"Ta ló ní kí o jẹ ẹ́, ọ̀kánjúwà? Fẹ́ ẹ ni mo wí. Fi ẹnu kàn án, kí o fẹ́ atẹ́gùn sí i."

"Ẹ̀yin náà ẹ fẹ́ ẹ."

Ó yíjú sí mi, ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ojú rẹ̀ nìyẹn. Ojú rẹ̀ gan-an ni, kò yàtọ̀, àfi pé imú rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

"Kí ni mo fẹ́ fi fẹ́ ẹ?" ó bi mí, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Mo gba gèlè náà, mo fi bo ẹnu. Ó rin gbindin, ó korò, ọ̀kan nínú òwú rẹ̀ lẹ̀ mọ́ mi láhọ́n. Èébì gun òkè, mo dá a padà. Mo fẹ́ ẹ. Atẹ́gùn ẹnu mi la inú ihò aṣọ náà kọjá, ó bá ojú ẹ̀gbọ́n mi, erùpẹ̀ díẹ̀ sì bọ́ kúrò lórí ìpéǹpéjú rẹ̀.

"Ó kọjá," ó ní. "Ó yá, fẹ́ ti ìwọ náà wò."

Mo gbé lẹ́dà mi sẹ́nu, mo fẹ́ ẹ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi wú. Èémí náà kò rí ibi lọ; ó ṣẹ́rí padà sí mi lẹ́nu, ó ń rùn. Òórùn èmi fúnra mi ni.

Àǹtí Ìbídùn ti na gèlè bo ojú férémù, ahọ́n rẹ̀ yọ díẹ̀ ní igun ẹnu, ó ń tọ́ ìlà aṣọ náà kí ó lè gún régé. "Má fà á jù," ó ń sọ, bí ẹni ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. "Bí o bá fà á jù, ihò rẹ̀ á wọ́." Ó yọ ìṣó kan láàárín ètè, ó nawọ́ sí mi fún òòlù. Mo wá òòlù yíká, n kò rí i, mo ń wá a títí mo fi la ojú.

Òjò ti dá. Oòrùn wà lójú fèrèsé, ilẹ̀ pálọ̀ le, ó sì gbẹ. Itọ́ ti gbẹ mọ́ mi lẹ́rẹ̀kẹ́. Mo dùbúlẹ̀ síbẹ̀, mo ń wo lẹ́dà dúdú tí ó ń dán níwájú mi. Inú ẹ̀rọ ni mo ti ń wá àrùn kiri, wáyà kò sì ṣẹ̀, sípíkà kò ṣẹ̀. Mo ti dí ọ̀nà mọ́ aáyán, mo sì dí i mọ́ ohùn pẹ̀lú. Mo dìde, mo fi ọ̀bẹ ya lẹ́dà náà kúrò, mo sì lọ tú ìdì ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

Gèlè náà wà ní ìsàlẹ̀ pátápátá. Ó ti bu. Ìyá mi wọlé láti ẹ̀yìnkùlé, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Kí lò ń wá nínú ẹrù yẹn?"

"Gèlè ni, Mà."

Ó wo ojú mi. "Ta lo rí?"

"Àǹtí mi."

"Kí ló fún ọ?"

"Kò fún mi ní nǹkankan. Ó ní kí n fẹ́ aṣọ yìí."

"O ò jẹ ẹ́?"

"Mi ò jẹ ẹ́, Mà."

Mo fi gèlè náà bo ẹnu lójú rẹ̀. Òórùn ti ojú ayé burú ju ti àlá lọ: ebu, káńfọ̀ tí wọ́n fi ń lé kòkòrò, àti orí ènìyàn. Mo fẹ́ ẹ, ó kọjá. Ìyá mi kò sún mọ́ mi, kò sì lé mi. Ó dúró síbẹ̀ títí mo fi na aṣọ náà tán tí mo sì kàn án.

"Ó wọ́ lápá òsì," ó ní.

Mo tún un ṣe. Iná wà. Mo fọwọ́ kan okùn tí ó nípọn jù lára jìtá, ohùn náà sì jáde sínú pálọ̀, ó fẹ̀, ó dá gaara, ó gba ara wa kọjá lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi wá àga rẹ̀ láìwẹ̀yìn, ó jókòó.

Màmá Òkè-Ọjà kànlẹ̀kùn kí n tó pa ẹ̀rọ náà. "Ẹ kú ilé o. Ìdì mélòó ni ẹrù náà?"

"Ìdì kan ni, Ẹ̀gbọ́n mi," ni ìyá mi wí. "Ẹ̀yin ẹ wọlé, ẹ wá gbé e."