Àgbọ̀n Tí Màmá Pọ̀n Lọ

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná, kí n tó gbàgbé. Màmá wa ni mo rí lójú àlá. Ẹ mọ̀ pé ìkókó ni mí nígbà tí wọ́n kú, mi ò mọ ojú wọn, àmọ́ àwọn ni. Wọ́n jókòó sórí àpótí, wọ́n tẹ́ mi sórí itan, bí mo ṣe hu irùngbọ̀n tó yìí, wọ́n ń wẹ̀ mí bí ọmọ tuntun. Wọ́n bu òrí sọ́wọ́, wọ́n fi ń tẹ ojú mi. Ni wọ́n bá ní, "Ojú ọmọ mi ti wọ́ sápá kan. Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

Mo ní ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi ni.

Wọ́n tẹ oríkèé àgbọ̀n mi níwájú etí, ibi tó máa ń dún kọ́kọ́kọ́ tí mo bá ń jẹun, àgbọ̀n náà sì já sí wọn lọ́wọ́. Kò dùn mí. Irùngbọ̀n ṣì wà lára ẹ̀, ó ń mì lọ mì bọ̀ bí ẹnu ọmọ tó ń wá ọmú. Wọ́n gbé e pọ̀n, wọ́n fi ọ̀já gbà á, wọ́n ń gbá a pẹ́pẹ́, wọ́n ń lọ. Mo fẹ́ ké "Màmá," orúkọ tí mi ò pè wọ́n rí láyé mi. Kí ni mo fẹ́ fi pè é? Bí mo ṣe jí nìyẹn.